Ajá Wa, Ata Mi, Bàtà Àna

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, ọjọ́ tí àwọn àna wa láti Ìjàyè kọ́kọ́ wọlé wa ò ní kúrò lọ́kàn mi. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Àwọn èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dé ibi kan níbẹ̀, ẹ̀yin náà lè rẹ́rìn-ín, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ̀bi fún yín. Ọkọ mi ló jẹ̀bi, lẹ́yìn náà ló kan ajá wọn. Èmi ṣe ẹnì kẹta, mo gbà, àmọ́ ẹ̀yìn pátápátá ni mo wà.

Abúlé wa ò jìnnà sí Akanran. Gàrí ni mo ń ṣe, ọkọ mi ló ń gbin ẹ̀gẹ́ tí mo fi ń ṣe é. Nígbà tí àwọn ewúrẹ́ àdúgbò wá sọ ẹ̀gẹ́ tí mo bá bó sílẹ̀ di oúnjẹ àárọ̀ wọn, Bàbá Sìdíkà lọ sí oko ọ̀rẹ́ wọn kan, wọ́n sì gbé ọmọ ajá kan bọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Sìdíkà, ilé ìmàle mà nilé yìí." Wọ́n ní, "Ajá oko ni. Kò ní wọlé." Wọ́n wá sọ ọ́ ní Fẹ̀sọ̀jayé. Ẹ wo orúkọ tí wọ́n fún ohun tí kò fi ẹ̀sọ̀ jẹ nǹkan kan rí.

Bàtà mi ló fi bẹ̀rẹ̀, sálúbàtà tuntun tí mi ò tíì wọ̀ jáde. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kì í jẹ méjèèjì. Ẹsẹ̀ kan ni yóò jẹ, yóò fi ìkejì sílẹ̀ kí n lè máa rí i kí inú máa bí mi. Láti orí bàtà ó bọ́ sórí okùn ṣájà fóònù Sìdíkà, ọmọ mi obìnrin. Ó jẹ ẹsẹ̀ àpótí tí mo fi ń jókòó yan gàrí, tó fi jẹ́ pé mo dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí mo ṣe ń yan án. Ó jẹ ẹnu búútà tí ọkọ mi fi ń ṣe àlùwàlá, omi ò wá gba ibi tó yẹ jáde mọ́. Mo rò pé ìyẹn yóò dun ọkọ mi. Wọ́n ní, "Eyín ló ń hù. Inú ẹnu ló ń yún un."

Mo ní ọmọ mẹ́rin ni mo bí nínú ilé yìí, gbogbo wọn ló hu eyín, kò sí èyí tó jẹ bàtà nínú wọn.

A fi okùn dè é, ó jẹ okùn. A tì í mọ́ ilé ìdáná, ó jẹ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Mo ní kí wọ́n ra ẹ̀wọ̀n, ọkọ mi ní olè ni wọ́n ń fi ẹ̀wọ̀n dè. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ń jẹ bàtà oníbàtà. Wọ́n kàn ń fi ọwọ́ ra ajá lórí.

Ìyá Kúdí tí ilé wọn kángun sí tiwa ló là mí lọ́yẹ̀. Wọ́n ní, "Fi ata pa bàtà náà. Ajá ò fẹ́ràn ata." Mo lọ ata wẹ́wẹ́ gbígbẹ kúnná, mo fi omi díẹ̀ pò ó, mo fi pa ẹsẹ̀ bàtà kan tó ṣẹ́kù fún mi. Fẹ̀sọ̀jayé dé, ó gbóòórùn rẹ̀, ó lá a díẹ̀, ó sín, ó sì sá lọ sẹ́yìn ilé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju inú ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ lọ. Láti ìgbà yẹn ni agolo ata ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa, mo sì ń pa gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ràn láta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Múfútáù fi ní bàbá òun fẹ́ wá mọ̀ wá. Múfútáù ni ọmọkùnrin tí Sìdíkà fẹ́ fẹ́, ọmọ dáadáa, kò ní ìjàngbọ̀n. Ṣùgbọ́n Sìdíkà ti sọ fún mi pé bàbá náà ò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ìyàwó lọ́nà jíjìn. Wọ́n kàn fẹ́ fojú ara wọn rí wa ni, tí ojú wọn bá rí ohun tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ọ̀rọ̀ parí. Ó tún ní wọn kì í fi ìrun wọn ṣeré rárá. Ajá kan fẹnu kan agbádá wọn rí ní Ìjàyè, wọ́n ní kí wọ́n fọ̀ ọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí. Ọmọ mi ń sọ èyí, ó ń wo Fẹ̀sọ̀jayé, omi sì wà lójú rẹ̀. Mo ní, "Fi ọkàn balẹ̀. Ajá yẹn ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn."

Lọ́jọ́ náà, ọkọ mi fi okùn tuntun so ajá mọ́ ìdí máńgòrò lẹ́yìn ilé, wọ́n ká okùn náà ní ìlọ́po. Àwọn àna dé. Bàbá Múfútáù ni mo ń pè ní Bàbá Ìjàyè, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin bá wọn wá, màmá kan tó ga, tí ojú wọn ń lọ tó ń bọ̀ yí pálọ̀ mi ká. Múfútáù tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Gbogbo wọn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ọmọlúàbí, ti Bàbá Ìjàyè sì jẹ́ sálúbàtà aláwọ, pupa, tó ń dán.

Mo jáde lọ bu omi fún wọn, mo yọjú sí ẹ̀yìn ilé. Ìdí máńgòrò wà níbẹ̀. Okùn wà níbẹ̀. Ajá ò sí níbẹ̀.

Igun ilé ni mo ti rí i, ó jókòó, ó ń wo àwọn bàtà náà bí ẹni tó ń yan ẹran lórí àtẹ. Mo lé e, ó sún díẹ̀, ó tún jókòó. Ẹ fẹ́ bi mí pé kí ló dé tí mi ò kó bàtà wọlé. Gbogbo Akanran ló ti bi mí. Ẹ gbọ́, ta ló ń gbé bàtà àna kúrò níbi tó bọ́ ọ sí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá? Tí màmá gíga yẹn bá rí mi tí mo ń gbé bàtà àbúrò wọn kiri, wọn ò ní sọ pé oògùn ni mo fẹ́ fi ṣe? Mi ò sì lè dúró ṣọ́ bàtà kí n tún gbé oúnjẹ fún àlejò. Ni ojú mi bá kan agolo ata.

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo bẹ̀rẹ̀. Mo fi ata pa gbogbo bàtà náà, mo pa ti Bàbá Ìjàyè dáadáa, létí, lókùn, mo tún fi pa inú. Ajá gbóòórùn rẹ̀, ó sì lọ. Mo fọ ọwọ́, mo gbé omi wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ dùn nínú pálọ̀. Bàbá Ìjàyè ti ń bi ọkọ mi léèrè irú ẹ̀gẹ́ tí à ń gbìn, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ kọ ọmọ sílẹ̀.

Wọ́n pe ìrun Alásárì. Bàbá Ìjàyè dìde, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà wọn, wọ́n fi ọwọ́ fa okùn rẹ̀ gígùn, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Wọ́n fi ọwọ́ yẹn bu omi bọ́jú. Wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n wá ki ẹsẹ̀ tútù bọ bàtà aláta. Àgbẹ̀ ni wọ́n, gìgísẹ̀ wọn là. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ìrun, ó sì ti pẹ́ jù.

Àgbàlagbà tó rọra jáde lọ ń fò bọ̀. Ojú wọn kan dé pátápátá, èkejì pọ́n. Wọ́n ju bàtà nù, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbo ilẹ̀, wọ́n ń sọ pé, "Iná ni, iná ni." Ẹ̀gbọ́n wọn jáde, wọ́n gbé bàtà kan yẹ̀ wò, wọ́n wá sọ ohun tí mo ti ń bẹ̀rù. "Wọ́n ti fi nǹkan sí bàtà àbúrò mi. Múfútáù, gbé ẹrù wa. Ilé tí wọ́n ti ń fi nǹkan sí bàtà, a ò fẹ́ nǹkan kan níbẹ̀."

Sìdíkà bú sẹ́kún. Ọkọ mi kọjú sí mi, wọ́n ní, "Ìyá Sìdíkà, kí lo ṣe?"

Ẹ wo ẹni tó gbé ajá wálé tó ń bi mí léèrè.

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú, ata lásán ni. Nítorí ajá ni mo fi pa á."

Màmá gíga ní, "Ajá wo? Láti ìgbà tí a ti dé, ṣé a rí ajá kankan nílé yìí?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ajá tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́, ọjọ́ tí mo wá nílò rẹ̀ gan-an ni kò sí. Mo pè é, kò dáhùn. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo rí i pé ìgbéyàwó ọmọ mi ń bọ́ lọ lójú mi, kò sì sí ohun tí mo lè fi ẹnu sọ tí wọn yóò gbà gbọ́. Ni mo bá gbé sálúbàtà Bàbá Ìjàyè nílẹ̀, mo yọ ahọ́n, mo lá a láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka. Mo ní, "Tó bá jẹ́ oògùn, kó pa mí."

Kò pa mí, àmọ́ ó kù díẹ̀. Mo la ẹnu, n kò lè pa á dé. Ìgbà náà ni Fẹ̀sọ̀jayé tó yọ láti ẹ̀yìn ilé, àjẹkù okùn ń wọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó rí bàtà lẹ́nu mi, ó jókòó, ó ń wò mí bí ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ìjàyè fi ojú kan tó ṣí wo ajá, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ajá àti ẹni tó ni ajá, bàtà mi ni gbogbo yín fẹ́ jẹ." Ẹ̀rín gbé wọn, ó gbé ọkọ mi, kódà màmá gíga yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Epo pupa ló ń pa oró ata, gbogbo ayé ló mọ̀. Sìdíkà gbé epo jáde, òun àti Múfútáù kúnlẹ̀, wọ́n mú ẹsẹ̀ bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi epo ra á. Èmi náà ń fi epo nu bàtà. Mo gbé e sílẹ̀ kí n bu epo sí ẹnu ara mi, Fẹ̀sọ̀jayé gbé e, ó sá wọ inú ẹ̀gẹ́ lọ. Mo gbàgbé pé awọ, ata àti epo, ọbẹ̀ pọ̀nmọ́ ni mo sè fún un yẹn. Kò tiẹ̀ sín lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ bàtà tí kò ní ìkejì sì pọ̀ nílé wa, a wá èyí tó bá Bàbá Ìjàyè mu, wọ́n wọ oríṣi méjì lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n kírun tán, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, wọ́n sọ fún ọkọ mi pé, "A ó padà wá. Ìyá tó lè lá bàtà nítorí ọmọ rẹ̀, ọmọ yẹn ò ní burú." Mo kúnlẹ̀, mo juwọ́ sí wọn. Ẹnu mi ṣì ń jó, ojú mi sì ń ṣomi, ata nìkan kọ́ ló fà á.

Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, mo ti gbà. Ọkọ mi ti wá ń fún Fẹ̀sọ̀jayé ní eegun tirẹ̀, wọ́n ń mú un lọ sóko láràárọ̀, kò sì jẹ bàtà mọ́. Wọ́n ní àwọn ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi tẹ́lẹ̀. Wọn ò sọ ọ́.

Sìdíkà ti bímọ báyìí. Ní ìjẹta, Bàbá Ìjàyè pè mí lórí fóònù. "Ìyá ìyàwó, ọmọ yín ti ń hu eyín o. Sálúbàtà mi ló wà lẹ́nu rẹ̀ bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí."

Mo ní kò lè jẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa, pé ọmọ mẹ́rin ni mo bí, kò sí èyí tó jẹ bàtà nínú wọn.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ìyá wọn nìkan ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo fi fóònù sílẹ̀, mo dìde, mo lọ kó bàtà mi wọlé.