Ọ̀tọ̀-ni-tèmi àti Aràn Tó Ju Aràn Lọ

Ọjọ́ wo ni Ọlọ́run dá aràn? Ìwé Mímọ́ sọ ti ẹja, ó sọ ti ẹyẹ, ó sọ ti ohun gbogbo tí ń rákò. Ṣùgbọ́n bí aràn bá ti wà kí a tó dá Ádámù, inú ta ló ń gbé? Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn Ádámù ló dé, ta ló ránṣẹ́ pè é?

Obìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn. Ọdún méjìlá ló ti fi ń fojú kan ihò awò tí ń sọ kékeré di ńlá, kò sì tíì rí ìdáhùn. Á gbàdúrà láàárọ̀, á wọ ìbọ̀wọ́, á ṣí ike ìgbẹ́ àkọ́kọ́, á ní, "Olúwa, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ pọ̀."

Ti ibi iṣẹ́ kò tilẹ̀ dùn ún tó ti ilé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló wà nílé.

Ọ̀tọ̀-ni-tèmi ni gbogbo ilé ń pè é. Ọ̀tọ̀-ni-tèmi, a-wúkọ́-bí-ẹni-ń-pàṣẹ! Ọ̀tọ̀-ni-tèmi, a-ṣàìsàn-bí-ẹni-ń-joyè! Bàtà rẹ̀, ó ní irú rẹ̀ ò sí ládùúgbò. Aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Òun náà ò ṣiṣẹ́ mọ́. Nígbà tí inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, ṣé ẹ retí kí inú ẹni bẹ́ẹ̀ máa run bí inú aráyé?

"Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ aràn," ni ìyàwó àbúrò rẹ̀ wí.

"Aràn kẹ̀? Aràn ọmọdé tó ń jẹ erùpẹ̀? Ìyàwó wa, má bú mi."

"Ibà ńkọ́?"

"Ta ni ẹ̀fọn ò mọ̀? Ibà ti di ẹ-kú-àárọ̀."

"Sòbìyà?"

"Ti àwọn apọnmi-lódò nìyẹn. Omi inú ike ni èmi ń mu."

Ìyá rẹ̀ gbórí sókè. "Bí o bá fẹ́ àìsàn olówó, kọ́kọ́ lọ di olówó ná."

Kò gbọ́. Ó ti ń ròyìn kiri ilé pé ohun tó wà nínú òun, èèyàn méje péré ló ti ṣe rí láyé. Kò lórúkọ ní Yorùbá. Ó gùn. Kò fẹ́ ooru. Bí kò bá sì rí ẹran jẹ kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀dọ̀ ló máa yí sí.

Àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Ó bá aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbélé tan lórí ẹyin díndín. Ó bá awakọ̀ tan lórí ẹja. Ó bá opó tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹnu-ọ̀nà tan lórí itan adìẹ. Nítorí pé aràn náà ò sì fẹ́ ooru, yàrá ìyá rẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí atẹ́gùn, ló kó wọ̀, ó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Orí ẹní ní pálọ̀ ni Màmá ń sùn, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Àràárọ̀ ni ìyàwó ilé ń kì í lábíyá mú kó tó lè dìde.

Nínú ìpàdé àdúrà, gbogbo ilé á gbọ́wọ́ lé Ọ̀tọ̀-ni-tèmi nínú. Obìnrin náà ń gbàdúrà ọ̀hún tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n tó bá ti ṣe àmín tán, nǹkan á máa bi í lábẹ́lẹ̀: àdúrà tí a gbà sórí àìsàn tí kò sí, ibo ló ń lọ? Á tọrọ àforíjì nítorí ìbéèrè náà. Á tún bi í.

Lọ́jọ́ kan, tí orúnkún Màmá wú bí ìkòkò, obìnrin náà sọ ọ́ lójú gbogbo ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní ìgbẹ́ yín kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá rí aràn yín, ẹ máa gbé inú yàrá náà lọ. Bí n ò bá rí i, kí Màmá padà sórí bẹ́ẹ̀dì wọn."

"Mo gbà! Kí gbogbo ilé pé lọ́jọ́ Sátidé, kí wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Látìnì!"

Lọ́jọ́ kẹta ló gbé ike náà wá. Ọ̀rá mẹ́ta ló fi wé e. Ó sì wọ́n lọ́fínńdà sí i.

Obìnrin náà fojú sí awò. Ẹ̀rù bà á. Ẹyin aràn ló rí, bíi mẹ́wàá-mẹ́wàá nínú àpò kan, bí ẹ̀pà inú èèpo. Inú ìwé nìkan ló ti rí irú rẹ̀. "Olúwa, mo ṣẹ̀," ló wí. "Aláìsàn ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́." Ó fi igi rú ike náà, ó tún wò ó. Ó wá rí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kọ èsì.

Ní Sátidé, ilé pé. Ọ̀tọ̀-ni-tèmi wọ kóòtù, ó fi ìrọ̀rí ìyá rẹ̀ ti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí n tó kà á, ṣé tiyín ni ìgbẹ́ yìí?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Èmi ni mo yà á! Mo fi Ọlọ́run..."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Ọlọ́run búra." Ó ṣí ìwé. "Aràn wà nínú rẹ̀."

"Háà!"

"Kì í ṣe aràn lásán. Láti ọdún méjìlá, n ò rí i rí."

Ọ̀tọ̀-ni-tèmi fò dìde. "Ẹ gbọ́ o! Ṣé ẹ gbọ́?"

"Ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ lára èèyàn."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!"

"Ara ajá ló ti wọ́pọ̀."

Aránṣọ sún mọ́ iwájú.

"Kí èèyàn tó kó o, àfi kó gbé yọrọ mì, kòkòrò tín-ń-tín tó máa ń fò lára ajá."

"Mo gbé e mì!" ló fi ìkánjú dáhùn. "Àìmọye ni mo gbé mì!"

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ gbé irun ajá náà mì ni? Irun pupa kún inú rẹ̀, tòun ti egungun tó rún."

Aránṣọ, tó ni ajá pupa, pàtẹ́wọ́. "Ìdí nìyẹn! Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń tẹ̀ lé ajá mi kiri ẹ̀yìnkùlé, tó mú ṣíbí lọ́wọ́! Mo rò pé ó fẹ́ jí i gbé ni!"

"Itan adìẹ mi o!" opó figbe ta.

"Wóò! Wóò!" Awakọ̀ ló ń gbó. Ilé dàrú. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ń wá ibi tó máa dì mú.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó mi, gbé mi dìde." Ó rìn wọ yàrá rẹ̀, ó ju ṣòkòtò ọmọ rẹ̀ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tó yá, obìnrin náà ń fọ abọ́ ní ìdáná. Ọ̀tọ̀-ni-tèmi yọ́ wọlé. Kò wọ kóòtù mọ́.

"Ìyàwó wa."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ lo máa ń fọwọ́ ara rẹ kọ èsì yẹn, àbí?"

"Èmi ni."

Ó wẹ̀yìn wò, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, bá mi tún un kọ. Kọ ọ́ pé ara mi ni ajá yẹn ti kó o."