Géètì Kò Mọ Bàbá Ìyàwó

Ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi kì í sọ̀rọ̀ ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ti Ọ̀gá Ọláníyan yìí mì, ẹ̀rín á bú lẹ́nu mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní mo ti ń ríran.

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe ọkùnrin náà: bí nǹkan bá ti jẹ́ tuntun, àfi kó jẹ́ òun ló kọ́kọ́ ní in. Bí ẹ bá ní òjò ń rọ̀, á bi yín pé ẹ̀dà wo.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Victoria Island. Òun ló bá wa wá sọ́fútíwià tí a ń lò nínú ẹ́sítéètì wa lẹ́yìn Thomas Estate, irú èyí tó ń ṣe alárinà láàárín fóònù wa, ọ́fíìsì ẹ́sítéètì àti géètì. Àlejò ń bọ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí fóònù, alárinà á gbé e lọ, géètì á ṣí. Ẹ̀dà àtijọ́ kò ní ìjọ̀gbọ̀n. Ohunkóhun tí ẹ bá ti kọ ló ń gbé. Mo kọ "ọkùnrin tó fẹ́ tún fíríìjì ṣe" rí, ó wọlé. Ìyá Fúnláyọ̀, ìyàwó Ọ̀gá, "Olówó Orí Mi" ló kọ ọkọ tirẹ̀ sí. Géètì kò béèrè pé orí ta ni.

Ọ̀gá ní ìyẹn ti di ti ará oko, ló bá gbé ẹ̀dà tuntun wá. Ní ìpàdé, ó yọ àyà síta:

"Èyí kì í gba jákujàku! Orúkọ yín àti ti bàbá yín, bó ṣe wà nínú káàdì ìdánimọ̀. Kí oníkálukú lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́tun ní ọ́fíìsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìta lẹ máa sùn!"

"Ẹ̀yin náà ti fi tiyín sílẹ̀, sà?" Quadri tó ń ṣọ́ géètì ló béèrè.

"Èmi? Ta ló máa bi èmi lórúkọ? Mú kọ́kọ́rọ́ géètì wá jàre! A ò fọwọ́ ṣí i mọ́."

Fóònù tèmi ti dàgbà, kò lè gbé ẹ̀dà tuntun. Wọ́n ní kí irú àwa ṣì máa lo ti àtijọ́ títí oṣù á fi parí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Ìyá Tolúwani, ẹ̀yin àti fóònù yín, ẹ jọ lọ fẹ̀yìn tì." Mo ní àmín. Ìfẹ̀yìntì kì í ṣáà ṣe èpè.

Ó wá di Sátidé tí àwọn àna ń bọ̀ láti Awoyaya, tí wọ́n fẹ́ wá tọrọ Fúnláyọ̀ fún Bíọ́dún ọmọ wọn. Inú pálọ̀ ni bàbá ìyàwó ń jókòó sí, kí wọ́n wá bá a. Ti Ọ̀gá kọ́! Ó gbé agbádá wọ̀, ó lọ pàdé wọn lójú títì, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí bí géètì ṣe ń wárí fún un.

Mo ń bọ̀ láti ìpàdé àdúrà ni mo bá wọn níwájú géètì. Àna márùn-ún nínú oòrùn, apẹ̀rẹ̀ èso lọ́wọ́, Ọ̀gá níwájú wọn, ó ń tẹ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó wà lára géètì.

Ẹ̀rọ kọ ọ́ síta gàdàgbà: "A kò mọ ẹni yìí."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni," Ọ̀gá wí. Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"A kò mọ ẹni yìí."

"Quadri! Fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i!"

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi."

Háà! Kọ́kọ́rọ́ ń gbafẹ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Victoria Island. Ó pe ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Fúnláyọ̀, tètè kọ wá sí fóònù!"

Gbogbo wa la gbọ́ ohùn rẹ̀: "Mo ti kọ 'Bàbá Bíọ́dún', ó kọ̀. Mo kọ 'Olówó Orí Mi', ó kọ̀!"

"Kọ orúkọ mi gan-an!"

"Orúkọ yín kẹ̀? Kí èmi pe ọkọ mi lórúkọ létí àwọn àna? Ẹ jẹ́ n kọ 'Bàbá Fúnláyọ̀'... Yéè! Ó ti ti fóònù mi pa! Ó ní ó di Mọ́ńdè!"

Bàbá Bíọ́dún nu òógùn ojú. "Àna wa, ṣé wọ́n ti lé yín kúrò nílé ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ti ń wo ọkọ̀ wọn. "Bóyá ká máa padà. Ọlọ́run lè máa bá wa sọ̀rọ̀."

Fúnláyọ̀ ti sáré dé ẹ̀yìn géètì, omijé ti fọ àtíkè ojú rẹ̀ dànù. "Dádì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ o!" Dádì rẹ̀ ń tẹ ẹ̀rọ bí ẹni ń tẹ píánò.

Àánú ọmọ náà ṣe mí. Mo yọ fóònù arúgbó mi, mo kọ ọ́ pé: "Àwọn àna, ènìyàn mẹ́fà, wọ́n wá tọrọ Fúnláyọ̀."

Géètì ṣí gbàgà!

Quadri ka ohun tí mo kọ sókè lójú ẹ̀rọ, ó sì kà wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ló ṣe ìkẹfà.

Èmi náà tẹ̀lé wọn dé ilé Ọ̀gá. Nínú pálọ̀, Àǹtí Àṣàbí, ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá tó ń darí ètò, ti ń retí wọn. "Gbogbo ọkùnrin tó wá tọrọ ọmọ, ẹ dọ̀bálẹ̀!"

Àwọn ọkùnrin Awoyaya na gbọọrọ. Ọ̀gá ń yọ́ lọ sídìí àga ńlá rẹ̀.

Bàbá Bíọ́dún gbórí sókè látilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má tíì dá wa lóhùn. Àwa mẹ́fà ni géètì gbà wọlé pé a wá tọrọ ọmọ. Ọkùnrin kan ṣì wà lóòró nínú wa."