Ekòló Tó Tú Ọ̀wẹ̀ Àna Ká

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín yẹn, ẹ rọra o. Ejò ò tíì bù yín jẹ ni.

Ọkùnrin kan wà ní abà Ìdí-Osè, Látúndé lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún kan, bó ṣe ń kọ ebè lọ́wọ́ ni àparò ké. Kó tó gbójú sókè, paramọ́lẹ̀ ti bù ú lẹ́sẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wà lórí ẹní. Ẹsẹ̀ jinná, ẹ̀rù ò jinná. Láti ìgbà náà, bí àparò bá ti ké báyìí, àyà rẹ̀ á já, ojú ọgbẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Nígbà tó yá, ó kúrò ní ti àparò nìkan. Ìtàkùn ń bà á lẹ́rù, pàṣán ń bà á lẹ́rù. Okùn ṣòkòtò ara rẹ̀ gan-an, ó máa ń dijú kó tó so ó ni!

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ló wá fẹ́ fẹ́. Bàbá Àwẹ̀ró, Ògúnṣínà, sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé, "Wá kọ igba ebè fún mi. N kì í fọmọ fún ọ̀lẹ, n kì í fọmọ fún ojo."

Látúndé kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣọ̀wẹ̀ lóko bàbá náà. Àwẹ̀ró àti bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń wò wọ́n. Gbogbo ìgbà tí ọkọ́ bá wọlẹ̀ ni òógùn tútù ń bò ó. Ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Orí mi, má jẹ̀ẹ́ n tẹ́ lójú àna mi o."

Ó ku ebè kan ṣoṣo. Àparò ké.

Ó wolẹ̀, ó rí nǹkan pupa gígùn kan tó ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ àtàǹpàkò rẹ̀.

"Yéè! Mo kú o!"

Ó sọ ọkọ́ nù, ó fo ebè mẹ́fà, ó fẹ́sẹ̀ gbá ìkòkò ẹ̀bẹ tí wọ́n sè fún wọn dànù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò bèèrè ohunkóhun. Ta ní í dúró bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sá? Gbogbo wọn fọ́n ká.

Àwẹ̀ró nìkan ló mú igi, tó lọ tú ebè náà wò. "Ẹ̀yin èèyàn yìí! Ekòló mà ni!"

Ojú ti Látúndé débi pé omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó mọ̀ pé Àwẹ̀ró ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó wá bàbá kó lè dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò rí i. Wọ́n wá a títí, àfi ìgbà tí wọ́n gbọ́ ohùn láti orí igi ìyeyè.

"Ṣé ó dá yín lójú pé ekòló ni?"

"Ó dá wa lójú, Bàbá. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ gbé e jìnnà ná."

Bí bàbá ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ṣòkòtò rẹ̀ ká sókè, tí gbogbo ayé rí àpá eyín ejò lójúgun rẹ̀. Àpá náà ju Àwẹ̀ró lọ́jọ́ orí. Bàbá wo Látúndé, Látúndé náà wo bàbá, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Mo ní n kì í fọmọ fún ojo. Tìẹ kì í ṣe ojo. Ejò ló bù ọ́ jẹ. Máa mú ìyàwó rẹ lọ."

Ebè tó kù ńkọ́? Àwẹ̀ró ló kọ ọ́. Ọkọ àti bàbá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń ké sí i pé kó rọra.

Ẹ ti wá rí i báyìí: ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí ejò bá sì ti bu àna rẹ̀ náà jẹ, wọ́n á jọ sá ni.