Ogójì Ilé, Oríkì Kan

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ? Ẹ má sọ fún mi pé òwe náà ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Múyìídéènì ló dá a sílẹ̀, ìṣojú mi ló sì ṣe.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gba ohùn àwọn ìyá tó ń ki oríkì ní Òkè-Ìrókò sílẹ̀, ogójì agbo ilé. Màmá mi, Àwẹ̀ró, ló ki ti ilé Aró tiwa. Oṣù kejì lẹ́yìn náà ló kú. Nínú kọ̀ǹpútà, mo fún ilé kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀, mo kọ orúkọ ilé sára àpò. Ohùn inú rẹ̀, "oríkì" lásán ni mo pè é. Ta ló ń jókòó sílé bàbá rẹ̀ tí yóò tún máa dárúkọ ilé náà?

Nígbà tí ọjọ́ ìlú, tí ẹ̀rọ yóò ti máa ki ilé kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe ń jáde, ku ọ̀la, Múyìídéènì tó ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà ní àwọn orúkọ yẹn gùn jù. Ó kọ ìlà àṣẹ méjì péré: kí kọ̀ǹpútà gé orúkọ àpò dànù, kó mú orúkọ tó kẹ́yìn nìkan, kó sì kó gbogbo ohùn kúrò nínú àpò wọn sójú kan. Mo ní ṣé ó ti wo inú wọn.

"Àǹtí, ó ti pé ọdún méje tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ lọ sinmi."

Mo lọ sinmi, òmùgọ̀ èmi. Bí "oríkì" kan ṣe ń wọlé ló ń pa èyí tó bá níbẹ̀ rẹ́. Ogójì wọlé, ọ̀kan ló kù: ti ilé Wòrú, tó wọlé kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, Kábíyèsí bọ́ síta, ẹ̀rọ sì ki oríkì wọn: "Ọmọ arógun-gboko-lọ." Ilé Wòrú nìkan ló pàtẹ́wọ́. Balógun jáde tòun tidà, ẹ̀rọ tún ní ọmọ arógun-gboko-lọ. Balógun wá ẹni tó ṣe é kiri, Múyìídéènì náà sì gboko lọ.

Ó kan ilé Aró. Mo mọ ohun tó máa jáde, síbẹ̀ mo tẹ́tí. Wòrú ni. N kò ní gbọ́ ohùn màmá mi mọ́ láyé yìí, inú mi ò sì tíì yọ́.

Nígbà tí Múyìídéènì padà, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ìlú. Ó ní ẹ̀bi òun kọ́, orúkọ kan náà ni gbogbo ohùn yẹn ń jẹ́. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ìyàwó rẹ̀ bímọ, ó sì wá bẹ̀ mí lójú àwọn àgbà pé kí n fún ọmọ òun lórúkọ.

Mo ní, "Kọ́kọ́ sọ ilé tó ti wá fún mi, kí n má baà fi pa ọmọ ẹlòmíì rẹ́. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ."