Bí Wúràọlá Ọmọ Ajíbówú Ṣe Ṣẹ́gun Sáàfù Tó Ń Ṣẹ́

Ẹ yà lọ́nà, ẹ jẹ́ kí n ráàyè kígbe! Wúràọlá Àjọkẹ́ ni mo fẹ́ kì, ọmọ Ajíbówú tó jí tó bá owú nílé, ọmọ àwọn tí ń fi ẹwìrì finná tí èéfín ò pa lẹ́kún, ọmọ àwọn tó rọ ọkọ́ fún bàbá yín, tó rọ àdá fún bàbá bàbá yín, tí ẹ kò sì dá oko kan rí kí irin wa má ti ṣíwájú yín débẹ̀. Alágbẹ̀dẹ irin ni wá, ṣùgbọ́n àbúrò mi sọ ọmọ rẹ̀ ní wúrà, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó máa bínú. Èmi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni mò ń sọ̀rọ̀, mi ò sì ní fi ẹnu kékeré sọ ohun tí ojú mi rí.

Ogun tí akọni yìí jà kì í ṣe ogun ẹlẹ́ṣin, kì í ṣe ogun ọlọ́kọ̀. Ogun sáàfù ni. Sáàfù ni ọ̀pá irin tí ń yí nínú ẹ̀rọ ìlọ̀-ẹ̀gẹ́. Ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì fà á lápá kan, ẹ̀gẹ́ ń dá a dúró lápá kejì, àwọn méjèèjì á sì máa lọ́ ọ láàárín bí ẹni ń fún aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àbúrò mi ló ṣe ẹ̀rọ náà fún Ìyá Ràmọ́ta àti àwọn obìnrin tó ń yan gaàrí ní ìsàlẹ̀ odò. Sáàfù kìn-ín-ní lo ọjọ́ mọ́kànlá, ó ṣẹ́. Èkejì lo ọjọ́ mẹ́jọ, ó ṣẹ́. Ẹ̀kẹta lo ọjọ́ márùn-ún péré, ó dá sí méjì níwájú òkìtì ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ti bó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá Ràmọ́ta wá sí àgbẹ̀dẹ wa, a fún un ní àpótí, kò jókòó.

“Bàbá Wúrà, mo bọ̀wọ̀ fún yín,” ló wí, “ṣùgbọ́n tí ẹ̀kẹrin bá tún ṣẹ́, a ó gbé ẹ̀rọ yín padà wá fún yín, a ó sì wá alágbẹ̀dẹ mìíràn lọ.”

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Alágbẹ̀dẹ mìíràn! Àbúrò mi ò jẹun lọ́jọ́ náà, ojú sì tì mí fún un.

Kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, ẹ mọ àṣà ilé wa. Kò sí irin tó ń kúrò ní àgbẹ̀dẹ Ajíbówú láìní ilà. Ilà mẹ́ta ni, a máa ń fi irin ẹlẹ́nu mímú kọ ọ́ yí ọrùn rẹ̀ ká, torí bàbá wa ní irin tí kò bá ní ilà, ọmọ àlè ni. Nígbà tí sáàfù kìn-ín-ní ṣẹ́, àbúrò mi kọ ilà ti èkejì kó jìn sí i, kí aráyé lè mọ̀ pé a kò sá fún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ti ẹ̀kẹta tún jìn ju ìyẹn lọ. Ta ló gbà á nímọ̀ràn? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Nígbà náà ni akọni dìde! Àbí kí n kúkú sọ pé ó jókòó, torí ìjókòó ni wọ́n fi ń ja irú ogun yìí. Wúràọlá tó fi ọdún márùn-ún kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì, Wúràọlá tí ń fi ìka kan ṣoṣo lọ́ irin tí ọkùnrin mẹ́fà kò lè tẹ̀, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwìrì, ó ya sáàfù sínú rẹ̀, ó dè é mọ́lẹ̀ lápá kan, ó gbá apá kejì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Nínú kọ̀ǹpútà yìí, irin tí ara rẹ̀ balẹ̀ á dúdú bí aró, èyí tí ìyà ń jẹ á pọ́n. Ó lọ́ ọ bí ẹ́ńjìnnì ti ń lọ́ ọ, aró ni. Ó lọ́ ọ tó ìgbà méjì bẹ́ẹ̀, aró náà ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni irin inú kọ̀ǹpútà fi kọ̀ tí kò ṣẹ́, sáàfù mẹ́ta ti Ìyá Ràmọ́ta sì wà nílẹ̀ níwájú wa ní abala mẹ́fà. Mo rí omijé lójú ọmọ náà. Ẹ má wí fún un pé mo sọ.

Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo kọ̀ǹpútà náà.

“Irin ta nìyí?”

“Tiwa ni, Bàbá.”

“Tiwa kọ́. Ilà rẹ̀ dà? Àjọkẹ́, ọmọ àlè lo wá ń tọ́ nínú àgbẹ̀dẹ mi?”

Kí àlàáfíà lè wà, ọmọ ya ilà mẹ́ta sí i lọ́rùn, ó jẹ́ kó jìn bí ti ẹ̀kẹta gan-an, ó sì tún un lọ́. Kọ̀ǹpútà ronú títí. Yéè! Ọrùn sáàfù pọ́n fòò, ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di òrùka iná, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo wọn ti ń ṣẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé.

“Ilà mi ló ń pa á?” Ohùn àbúrò mi ti kéré.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibí yìí ni mo ti mọ̀ pé akọni ni lóòótọ́, torí ó lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kó sì borí bàbá rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ilà yín ò burú, Bàbá. Ọrùn ni gbogbo lílọ́ náà ń gbà kọjá, ibi tí a bá sì ti gé e ni ìyà pọ̀ sí. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí orí.”

Ó fi ìka rẹ̀ wọ́ ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lọ́rùn, ó gbé wọn sí góńgó orí sáàfù, níbi tó yọ síta kọjá wíìlì bẹ́líìtì tí lílọ́ kankan kì í dé. Aró, láti ìdí dé orí!

“Ta ló máa rí i níbẹ̀?” ni bàbá rẹ̀ bi í.

“Gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ti ọrùn, ìdérí ẹ̀rọ ló bò ó. Kò sẹ́ni tó rí i rí.”

Àbúrò mi wò mí. Èmi wo ẹwìrì.

Ó ṣe sáàfù kẹrin, ó gbé irin ẹlẹ́nu mímú lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ pé kó kọ ilà náà fúnra rẹ̀. Ilà àárín wọ́ díẹ̀, àbúrò mi ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ karùn-ún kọjá, a mí. Ọjọ́ kẹjọ kọjá. Ọjọ́ kọkànlá náà kọjá. Ní ọjọ́ kejìlá Ìyá Ràmọ́ta yọ, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ funfun lápá, ó wá jókòó sórí àpótí.

“Bàbá Wúrà, ilà tó wà lórí sáàfù yìí mà dára o. Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sára àwọn ti tẹ́lẹ̀?”

Nítorí náà, èmi àgbà ilé Ajíbówú kéde fún tọmọdé tàgbà: láti òní lọ, ilà wa ti kúrò lọ́rùn, ó ti dórí, Wúràọlá ló sì gbé e débẹ̀! Ẹni tó gba àbúrò mi nímọ̀ràn pé kó kọ ọ́ kó jìn sí i, èmi ni. Ẹ bá mi kọ ìyẹn náà síbì kan, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ibi tí ìdérí bò.