Ẹjọ́ Tí Mo Pè Tí Mi Ò Parí

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà tó ti di àlejò ayérayé lọ́kàn mi. Mo ti lé e títí, kò lọ. Ọjọ́ náà ni mo mú àfẹ́sọ́nà mi dání lọ wá ìwé ìkọ̀sílẹ̀ èmi àti ìyàwó mi àkọ́kọ́. Ẹ ò ṣì í kà o. Èmi fúnra mi ni mo mú un dání. Bí wọ́n bá ń pín ọgbọ́n, èmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè.

Ṣadé ni orúkọ àfẹ́sọ́nà mi. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Adó, lẹ́bàá Ajah, níbi tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ. Èmi ní tèmi, táìlì ni mò ń lẹ̀, Igbó Ẹfọ̀n ní Lẹ́kì ni mo sì ń gbé. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká ṣègbéyàwó nígbà tí àwọn àgbà ìjọ Ṣadé ní kí n mú ìwé kóòtù wá, kó dá wọn lójú pé èmi àti Rísì, ìyàwó mi àtijọ́, ti túká. Wọ́n ní láìsí ìwé, kò sí ìgbéyàwó. Mo ní ìwé wà nílé. Nígbà tí wọ́n ní kí n lọ mú un wá, mo ní omi òjò ló wọlé tó bà á jẹ́. Ládùúgbò wa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni irọ́ yẹn kì í ṣiṣẹ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fojú kan ìwé kankan rí. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pè mí ní oníjìbìtì. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo pe Rísì lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀ kékeré kan ní abúlé wọn, lọ́nà Ẹ̀pẹ́. Kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé, àwọn àgbà ní ká mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Bàbá mi àti àwọn ẹbí Rísì jókòó, wọ́n sọ ọ́ síwá sẹ́yìn, wọ́n ní kí kálukú máa lọ lọ́nà ẹ̀. A mu míníra, a ṣe àdúrà, Rísì kó ẹrù ẹ̀. Kí ló tún kù? Mo rò pé kóòtù á máa bá tiẹ̀ lọ fúnra ẹ̀, bí ẹ̀wà lórí iná.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ṣadé ní, "Omi tó wọ ilé yín ò wọ kóòtù. Ẹ jẹ́ ká lọ gba òmíràn níbẹ̀. Mà á sìn yín lọ." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé inú mi dùn.

Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun gbòò, kí àwọn ará abúlé lè mọ̀ pé ará Lẹ́kì dé. Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní oríta, ọ̀kadà kan gbé àwa méjèèjì wọ inú. Nígbà tá a dé ibi tí omi dárogún sí, ọ̀kadà yọ̀. Ṣadé fò sílẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjèèjì. Èmi, ìdí ni mo fi kí ilẹ̀. Báyìí ni ará Lẹ́kì ṣe wọlé kóòtù, iwájú funfun, ẹ̀yìn ẹrẹ̀.

Bàbá arúgbó kan ni akọ̀wé ibẹ̀. Ó wò mí, ó wo Ṣadé tó fajú ro, ó mi orí.

"Ẹ ti jà wá dé ibí! Ìwọ obìnrin yìí, ìwọ lo tì í sínú ẹrẹ̀?" Kí a tó la ẹnu, ó ti fi èmi sí bẹ́ńṣì ọ̀tún, ó fi Ṣadé sí tòsì. "Ìfaradà ni ilé ọkọ. Wò ó dáadáa, ọkọ ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ burú lójú."

"Bàbá, a ò tíì fẹ́ra wa," ni Ṣadé fèsì.

"Ẹ ò tíì fẹ́ra yín, ẹ ti wá kọra yín sílẹ̀? Ayé mà ti bàjẹ́ o!"

Nígbà tá a ṣàlàyé tán, bàbá wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ń fa àpò ìrẹsì tó kún fún fáìlì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bi mí pé ọdún wo. Mo ní ọdún tí wọ́n ń tún títì ṣe ni.

"Títì wo? Ìgbà wo ni wọ́n ṣíwọ́?"

Nínú àpò karùn-ún la ti rí i. Mo na ọwọ́ kí n gbà á, bàbá ní rárá, ìwé ìjọba ni, òun ló gbọ́dọ̀ kà á. Ó sì ní ohùn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹ pàdé irú ohùn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí àṣírí yín ń tú. Ó kọ́kọ́ ka ẹ̀sùn tèmi: Rísì ò bọ̀wọ̀ fún mi, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ẹ̀yìn náà ló ka èsì Rísì:

"Ọkọ mi kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n kì í parí nǹkan. Èkíní, ó máa ń gba ààwẹ̀, á sì jẹun ọ̀sán. Èkejì, ó ní òun yóò wá bẹ bàbá mi, ó dé ibùdókọ̀, ó padà sílé. Ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ táìlì ilé ìdáná ìyá mi, ó lẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, a ò rí i mọ́. Ẹjọ́ tó pè yìí gan-an, mo mọ̀ pé kò ní parí ẹ̀."

Bàbá ṣí ojú ìwé kejì. "Olùpẹjọ́ kò yọjú. Olùpẹjọ́ kò yọjú. Olùpẹjọ́ kò yọjú. Kóòtù da ẹjọ́ nù." Ó yọ awò ojú ẹ̀. "Ọmọ mi, ìyàwó ẹ ṣì ni Rísì o."

"Bàbá, àwọn àgbà ti parí ẹ̀ nílé!"

"Ta ló padà wá sọ fún kóòtù?"

Mo wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kí n kó sí i, mi ò rí. Ṣadé dìde lórí bẹ́ńṣì ẹ̀. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Oṣù márùn-ún ṣáájú ìgbà yẹn, mo ní kí n fi ìfẹ́ hàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ táìlì sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Mo lẹ iwájú, níbi tí oníbàárà ń dúró sí. Ẹ̀yìn káńtà, níbi tí Ṣadé fúnra ẹ̀ ń dúró sí, yanrìn ló wà níbẹ̀.

Ṣadé ní kí bàbá bá òun ṣe ẹ̀dà èsì Rísì. Ti Rísì nìkan, kì í ṣe ẹ̀sùn tèmi. Nínú ọkọ̀ tá a fi ń padà bọ̀, Ṣadé tí kì í pè mí ní "o" rí kọjú sí mi. "Mi ò bínú pé o ti fẹ́yàwó rí. Irọ́ omi yẹn ló dùn mí. Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ààbọ̀ ọkọ." Ojú ń tì mí débi pé mi ò lè wo ojú ẹ̀ títí tá a fi dé Ajah. Ìgbéyàwó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́.

Mo tún pe ẹjọ́ náà. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Rísì dé, ara ẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò bá mi jà, òun ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi, àfi kí n wá parí ilé ìdáná ìyá òun. Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó nu ojú ẹ̀, ó sì sún ẹjọ́ síwájú kí n lè lọ parí ẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ààrò ìyá ìyàwó mi àtijọ́. Màmá gbé àga tì mí. "Èyí wọ́ o, ọmọ mi. Tú u." Mo tú u.

Nígbà tí ilé ìdáná parí, kóòtù tú wa ká, bí mo sì ṣe gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tán, ọ̀dọ̀ Ṣadé ni mo sáré gbà lọ. Kò tiẹ̀ wo ìwé. Ẹ̀yìn káńtà ló nawọ́ sí. Mo bọ́ ẹ̀wù, mo po sìmẹ́ǹtì. Ọjọ́ tí táìlì tó gbẹ̀yìn wọlẹ̀ níbẹ̀ ni Ṣadé mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé àwọn àgbà lè tú ìgbéyàwó ká, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ gbé lọ sí kóòtù, kó fẹsẹ̀ náà padà lọ parí ẹ̀. Ẹ má sì mú àfẹ́sọ́nà yín lọ síbi tí wọ́n bá ti kọ ìwà yín sílẹ̀. Ní ti ẹ̀dà ìwé yẹn, Ṣadé fi ọ̀rá bò ó, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri balùwẹ̀ wa, níbi tí táìlì kan ṣoṣo ti kù tí mi ò tíì lẹ̀. Mo kà á láàárọ̀ yìí bí mo ṣe ń fọ eyín, ẹ̀rín ara mi pa mí. Lọ́la ni màá lẹ táìlì yẹn.