Igi Ọ̀pọ̀tọ́ Tó Sọ Apẹja Di Àkọ́dé

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, odò ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ mú odò wá? Ìyá Ìkòkò bá pe Apẹja lẹ́jọ́.

Òfin kan la bá ní erékùṣù wa yìí: ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá tó wà níhà òkè odò la ti ń ka ilẹ̀. Ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ kọ́kọ́ dé ló sún mọ́ igi jù, òun là ń pè ní Àkọ́dé, òun la sì ń kúnlẹ̀ kí. Ìyá Ìkòkò nìyẹn. Ẹni tó dé kẹ́yìn ló jìnnà sí i jù lọ. Apẹja nìyẹn. Àfi bí odò ṣe kún lọ́dún yìí, tó gbé igi lọ tòun ti ilẹ̀ ìyá.

"Kábíyèsí, omi jẹ ilé mi, ó jẹ ibi tí mo ti ń sun ìkòkò. Ọ̀dọ̀ ìyàwó ọmọ mi ni mo wà báyìí, ó ní mò ń gba àyè. Iyanrìn tí omi kó lọ ti gúnlẹ̀ sẹ́yìnkùlé Apẹja. Mo ní kó fún mi níbi táṣẹ́rẹ́. Ó ní kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí òun, òun ni Àkọ́dé!"

"Apẹja, ṣé o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́, Kábíyèsí. Igi ti wẹdò wá bá mi, ó sì ti rúwé. Ta ló sún mọ́ ọn jù? Èmi. Bàbá mi ló kọ́kọ́ dé."

"Bàbá rẹ tá a jọ gbé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ń bì?"

"Nígbà yẹn ló dé kẹ́yìn. Láti oṣù tó kọjá, òun ló kọ́kọ́ dé."

Wọ́n pe Bàbá Àgbà, ẹni tó dàgbà jù láàárín wa, pé kó sọ bí erékùṣù yìí ṣe bẹ̀rẹ̀.

"Iyanrìn lásán nibí tẹ́lẹ̀. Koríko hù, ẹyẹ bà lé e, wọ́n yàgbẹ́, igi ọ̀pọ̀tọ́ hù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá bàbá Ìyá Ìkòkò dé."

Atukọ̀, àna Apẹja, fò dìde. "Irọ́! Igi ló ṣáájú iyanrìn!"

"Kí ló wá dúró lé?"

"Ó ń dúró de iyanrìn ni, Kábíyèsí."

Àwọn ìjòyè ń mirí pé òótọ́ ni. Ẹja yíyan tí Apẹja fi ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀ ò tíì dà nínú wọn. Ojú tì mí fún wọn.

Kábíyèsí ní, "Apẹja, o gbà pé igi lòfin?"

"Tọwọ́tẹsẹ̀ ni mo gbà á."

"Ibi tó bá wà la ti ń ka ilẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni!"

"Ó dáa. Ìdílé ta ló ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ nídìí igi láti ọjọ́ tí wọ́n ti tẹ erékùṣù yìí dó?"

Bàbá Àgbà ló dáhùn: "Ti Ìyá Ìkòkò."

"Igi ti ṣí, kí onílẹ̀ ìdí rẹ̀ bá a ṣí. Ìyá Ìkòkò, lọ gba ilé Apẹja. Ìwọ Apẹja, ilẹ̀ tó jìnnà sí igi jù ni tìrẹ látilẹ̀ wá. Òkè odò lọ́hùn-ún nìyẹn. Lọ kọ́lé sí i."

"Kábíyèsí! Inú omi ni ibẹ̀ wà!"

"Ṣebí apẹja ni ọ́?"